Màrìwò Orí Afárá

Ààlọ́ o!

Ohùn yín ò dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, síbẹ̀ tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ilẹ̀ kó tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìjàpá ni!

Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tó fà á. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó kọjá ilé, ó kọjá oko, orí afárá àtijọ́ kan ló lọ balẹ̀ sí, ló bá bá Ìjàpá ọkọ Àwẹ̀ró níbẹ̀.

Láyé ìgbà náà, kò sí ẹranko tó yá lẹ́sẹ̀ bí Ìjàpá. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti kúrò lókè, ó ti dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ afárá gan-an ni ilé rẹ̀ wà, níhà abúlé. Ìyá Àwẹ̀ró ń gbé ní òdìkejì odò, ara rẹ̀ kò sì yá, nítorí náà ojoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró ń gba orí afárá kọjá.

Afárá ọ̀hún ti gbó. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, á máa ké. Ni Ẹfọ̀n, olórí abúlé, bá pe gbogbo ẹranko jọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, èmi nìkan kọ́ ni mò ń gba ibẹ̀, èmi nìkan ò sì lè mọ gbogbo ibi tó ti jẹrà. Kí olúkúlùkù lọ so màrìwò mọ́ pákó tó bá ń ba òun lẹ́rù. Ibi tí a bá rí màrìwò la ó tún ṣe. Bí a bá ti ṣe é tán, a ó tú màrìwò kúrò. Pákó tí kò bá ti ní màrìwò, ẹ fọkàn balẹ̀ kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Etu, tí ilé tirẹ̀ wà ní òdìkejì, béèrè pé, "Oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ńkọ́, Baba?"

"Bí a ti máa ń ṣe é náà ni. Ilé tó bá sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni yóò kó àjẹkù."

Ọ̀rọ̀ àjẹkù yìí ni Ìjàpá gbọ́. Ìyókù ò wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n rẹ̀. "Baálé mi, pákó àárín yẹn ti jẹrà o. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ẹ̀ lánàá. Mo ti so tèmi mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni màá lò lọ́dọ̀ Ìyá, ẹ óò ti ṣe é kí n tó dé. Àbí ẹ ò ní bá wọn ṣe é?"

"Èmi kẹ̀? Èmi ni n ó ṣáájú wọn!"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí gbogbo ayé wà lóko, Ìjàpá gun orí afárá. Màrìwò pọ̀ láàárín, ó pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ Etu. Ẹyọ kan péré ló wà níwájú ilé tirẹ̀.

"Há! Kí Etu máa kó àjẹkù, kí n máa fojú jẹun?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Ó ń so wọ́n mọ́ pákó tó le koko lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ó rí màrìwò kan tí wọ́n ta ní kókó méjì. Àwẹ̀ró nìkan ló máa ń ta kókó báyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kò burú," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ṣebí òun náà yóò jẹ níbẹ̀. Tó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta, n ó lọ pàdé rẹ̀, n ó ní kó fo pákó yìí."

Ó tú u.

Nígbà tí iṣẹ́ yá lọ́jọ́ kejì, Etu ní, "Ibí kọ́ ni mo so tèmi sí."

Ìjàpá ní, "Afẹ́fẹ́ ti já tìrẹ nìyẹn. Ṣé ìwọ nìkan lo wá mọ̀ ju gbogbo ìlú tó so tiwọn síbí?"

Etu bá wọn dáwọ́ lé iṣẹ́. Olúkúlùkù rò pé tòun nìkan ló sọnù, ojú sì ń tì wọ́n láti bá ìlú jiyàn. Wọ́n yọ pákó tó dára, wọ́n fi pákó tó dára rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tú màrìwò, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Etu ò fọkàn tán afárá náà, ó fò kọjá sílé. Ìjàpá kó àjẹkù àsáró, ó jẹ ẹ́ títí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ro ó. Oorun sì gbé e lọ.

Igbe Etu ló jí i láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Oòrùn ti yọ tipẹ́.

"Ìjàpá! Ìjàpá o! Àwẹ̀ró ti wọ odò!"

"Irọ́ ni! Ọ̀sán ló yẹ kó dé!"

"Ara ìyá rẹ̀ ti yá, ló bá tètè gbéra. Mo rí i. Ó wo gbogbo orí afárá, kò rí màrìwò kankan. Ó ń rẹ́rìn-ín, Ìjàpá. Ó ní, 'Baálé mi ti ṣe é fún mi.' Ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́."

Ìjàpá sáré. Kò sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ń bá omi lọ létí odò, omi sì kún, omi yára jù ú lọ. Agbọ̀n nìkan ló rí nínú koríko, ẹ̀kọ tí ìyá ìyàwó fi ránṣẹ́ sí i wà nínú rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó figbe orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró, dá mi lóhùn o,
*Odò, dá a padà.*
Èmi ni mo tú màrìwò o,
*Odò, dá a padà.*
Mo rí kókó rẹ̀, mo tú u o,
*Odò, dá a padà.*
Àsáró ń bẹ, n ò jẹ mọ́ o,
*Odò, dá a padà.*

Odò ò dá a padà. Ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ti dé, wọ́n sì gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ kọ. Ẹfọ̀n ò nà án, kò lé e. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ tún afárá ṣe," omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń rìn jẹ́jẹ́. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á fi tẹ ilẹ̀ wò, á dúró, kó tó gbé èkejì. Ibi gbogbo ti di pákó àárín lójú rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ lé e, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ẹ sì ń gbọ́ ọ, kò lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí Ìjàpá lójú ọ̀nà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó yára. Ó ti yára rí.