Àyọ̀ká àti Orúkọ Tí Kò Tètè Dé

Ní agboolé Akínlabí, Àyọ̀ká ló dàgbà jù nínú àwọn ọmọ-oṣú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin ilé. Òun ló máa ń ki ìyàwó lóríkì láàárọ̀ ọjọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, tí yóò sì dárúkọ àwọn ìyá ńlá ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. A kì í fo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ka ìdílé tí wọ́n bá fo ìyá wọn á dìde láìsúre, ìyàwó tí gbogbo ilé kò bá sì súre fún kò gbọdọ̀ jáde.

Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, àwọn orúkọ náà a máa sáré tẹ̀lé ara wọn jáde. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, irun orí rẹ̀ á dìde, ìyàwó á bú sẹ́kún. Nígbà tó yá, ohun tí wọ́n sọ fún un láàárọ̀ kì í sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè jí. Abẹ́nì ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ máa ki ìyàwó. Àyọ̀ká ní kó lọ wá iṣẹ́ ṣe, òun kò tíì kú.

Lọ́jọ́ tí Ìbídùn ń lọ sílé ọkọ, Àyọ̀ká kì í títí ó fi kan ìyá àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé. Ó rántí ilà ojú obìnrin náà, ó rántí bó ṣe ń sá ilá. Orúkọ nìkan ni kò dé. Àyà rẹ̀ kò tilẹ̀ já. Ó tutù bí omi àmù. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ládùúntán, olórí ará ìsàlẹ̀ ilé, dìde.

"Ìyá, iná yín ti kú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìbídùn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìgbà náà ni Abẹ́nì, lẹ́yìn ìyá rẹ̀, rọra pe orúkọ ìyá náà, Ọ̀ṣọ́níkẹ̀ẹ́, ó sì kì í lọ títí dé òpin. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Gbígbọ́ ló ń gbọ́.

Gbogbo ojú yí sí Àyọ̀ká. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, Abẹ́nì á panu mọ́. Àyọ̀ká tú ìborùn rẹ̀, ó fi kọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ó sì fara ti ògiri.

"Ládùúntán, iná tó bá kú, eérú ló ń fi bojú. Wò mí dáadáa, ṣé mo bojú? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mí. Ọmọ mi nìyẹn."

Ládùúntán padà, ó gbọ́wọ́ lé orí ìyàwó, ó sì súre fún un.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.