Kọ́kọ́rọ́ tí Adékànbí Gé Wẹ́wẹ́

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ bi Adékànbí léèrè.

Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ìbéèrè ìdánwò di àdììtú. Ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ àdììtú náà á ka ìbéèrè kí ìdánwò tó dé. Adékànbí gé kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọ́, ó fọ́n ọn káàkiri inú ètò, ó wá ń fọ́nnu níwájú Ṣijúadé tó ń bá wọn yẹ iṣẹ́ wò.

"Àǹtí, ẹ wá a títí, ẹ ò lè rí i. Lọ́la ni ètò yìí ń lọ sáwọn ilé ìwé."

"Ta ló fẹ́ wá a?"

Ṣijúadé ní kí ètò náà sọ ọ̀rọ̀ kan di àdììtú. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ yẹn kan náà fún un, ṣùgbọ́n bí ètò ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, obìnrin náà ń ba nọ́ńbà tó fi ń ṣírò jẹ́ mọ́ ọn nínú. Ètò ò fura, ó ń dáhùn ṣáá, ìdáhùn ń wọ́. Ṣijúadé fi ìdáhùn tó wọ́ wé èyí tó tọ́, ó ṣírò ìyàtọ̀ wọn, kọ́kọ́rọ́ sì yọ jáde lódindi.

Adékànbí dọ̀bálẹ̀. "Àǹtí, ihò wo ni mo fi sílẹ̀?"

"O ò fi ihò sílẹ̀. Ògiri rẹ le, ẹnu rẹ̀ ni kì í pa dé. Kọ́ ọ pé bí nǹkan bá ti bàjẹ́ nínú òun, kó dákẹ́."

Adékànbí lọ tún ètò náà kọ. Nígbà tó gbé e padà wá, Ṣijúadé tún ba nọ́ńbà jẹ́ mọ́ ọn nínú títí, ètò náà ò fọhùn. Adékànbí tó jókòó tì í náà ò fọhùn.