Àgbò Tó Ń Yẹ Ẹnu Àwọn Ìjòyè Wò

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!"

"Àlọ̀ o!"

Àlọ́ mi dá lórí Àgbò, tí ọba Erin ní kó máa yẹ ẹnu àwọn tó fẹ́ joyè wò, kí olè má baà wọ ààfin.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, ẹ̀pà wà létè rẹ̀. "Olè, padà sílé." Ọ̀bọ dé, irun àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀. Àgbò lé òun náà.

Ìkookò, ọ̀rẹ́ ọba, dé. Irun àgùntàn há sí i léyín. Àgbò mọ̀ pé ti ọmọ òun tó sọnù ni.

"Ṣé ẹnu mi mọ́, Àgbò?"

"Ó mọ́, Olóyè. Ẹ wọlé."

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ní, "Olówó orí mi, ṣé ẹ gbúròó ọmọ wa?"

Àgbò tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wò ó lọ́la: ilẹ̀ ló ṣì ń wò.