Ọjọ́ Tí Onígbàjámọ̀ Gbé Abẹ Lé Àga Òfìfo

Ògúndìran onígbàjámọ̀ ni mò ń wí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ Òkè Ìgbín ni, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, nílùú Arómù, ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń fárí fún Ọba Adégorítẹ́. Bó bá ń fárí fún ọ, o ò ní mọ ìgbà tí yóò parí, ẹ̀rín ni wàá máa rín.

Ọdún kan wá dé tí oòrùn mú kọjá àfẹnusọ. Iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jinná nínú ebè! Ìgbà náà ni alágbẹ̀dẹ àlejò kan yọjú, ó ní òun lè mọ ìléru ńlá kan tí yóò máa tú èéfín funfun sójú ọ̀run, tí èéfín náà yóò sì ṣíji bo ilẹ̀. Èéfín kò mọ ààlà, nítorí náà Ọba Adégorítẹ́ ránṣẹ́ pe àwọn ọba ìlú méjì tó múlé ti Arómù. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n fẹnu kò. Alágbẹ̀dẹ ní ibi gíga ni ìléru gbọ́dọ̀ wà.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fá orí Òkè Ìgbín kodoro. Ká gé gbogbo igi ibẹ̀, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì kó lọ síbòmíràn."

Àwọn ọba ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí ará òkè.

Nígbà tí Ògúndìran gbọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, abẹ́ àwọn igi yẹn náà sì ni ìsun omi wọn wà. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wò ó títí.

Ó ní, "Bàbá Ìdòwú, ṣé omijé lẹ fẹ́ fi rẹ irun ọba lọ́la ni? Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ju ẹnu àti abẹ lọ, ẹ lò wọ́n!"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin. Ògúndìran dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ máa lọ najú nínú ọgbà. Mo fẹ́ fárí yín."

Ọba Adégorítẹ́ rò pé àwàdà rẹ̀ ló tún gbé dé, ó dìde, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ni Ògúndìran bá kọjú sí àga òfìfo. Ó da ọṣẹ sí afẹ́fẹ́, ó ń gbé abẹ lọ, ó ń gbé e bọ̀. "Ẹ tẹrí síwájú díẹ̀, Kábíyèsí. Háà, irun yìí le o!" Ọṣẹ ń kán tó, tó, tó sórí tìmùtìmù. Àwọn ọba rẹ́rìn-ín títí ìrùkẹ̀rẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó nu abẹ rẹ̀ nù. "Mo ti parí. Ẹ kú orí tuntun!"

Ọba fọwọ́ kan irun tó ṣì kún orí rẹ̀. "Ògúndìran, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́? Níbo ni wọ́n ti ń fárí lẹ́yìn olórí?"

Ògúndìran dojú bolẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹnu yín ló ti jáde. Orí ni Òkè Ìgbín náà, ó sì ní àwọn olórí. Ìyá mi wà lára wọn. Ẹ fẹ́ fá a, ẹ ò pè wọ́n."

Lójijì, ọ̀kan nínú àwọn ọba àlejò bú sẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yìí ti fá orí wa láìlo omi!"

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gun òkè. Òyígbèmí, ìyá Ògúndìran, ló pàdé wọn.

"Ẹ̀yin ọba, ẹ̀ bá ti tètè wá! Ṣé oòrùn ò pa àwa náà ni? Ẹ wo àpáta ẹ̀yìn abúlé wa yẹn, ó ga bí òkè yìí, apárí sì ni látìgbà ìwáṣẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ fá onírun fún? Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ìlẹ̀kùn ìléru yóò wà o. Bí èéfín bá dí òjò lọ́wọ́, tí omi wa sì fẹ́ gbẹ, a ó tì í pa."

Wọ́n gbà. Ìléru dìde lórí àpáta, òjìji tutù bo oko gbogbo, tòkè tilẹ̀ jùmọ̀ jó. Ògúndìran padà wá fá orí ọba lọ́jọ́ ijó náà, lójú gbogbo ènìyàn, ọba sì di àga mú ṣinṣin.

Ọba ń pariwo, "Mo wà níbí o! Olórí jókòó! Máa fá a lọ!"

Ẹ̀yin náà ti wá mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí i pa lówe pé: A kì í fárí lẹ́yìn olórí.