Ìdí Tí Adìyẹ Fi Ń Ké Bó Bá Yé Ẹyin Tán

Nígbà láéláé, tí àwọn ẹranko ṣì ń bá ara wọn ná ọjà, adìyẹ kì í pariwo bó bá yé ẹyin. Wẹ́rẹ́ báyìí ni yóò yé e, yóò rọra dìde, yóò ní, "Olúwa, mo dúpẹ́." Ó parí.

Adìyẹ kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹyin tó ń yé ló ń tà. Pákó kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó fi èédú kọ "Ẹyin Ń Bẹ" sí wọ́gọwọ̀gọ. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni Bàbá Àgbò tó ń ṣe kéèkì ti máa ń ra ẹyin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹ̀rọ kan dé.

"Àwẹ̀ró, ojú ò tiẹ̀ tì ọ́! Àfi bíi pé ìwo ni wọ́n fi kọ pákó yìí. Ẹ̀rọ mi nìyí. Sọ ohun tí o fẹ́, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti yà á."

"Ṣé ó mọ̀ mí rí ni?"

"Kí ló fẹ́ fi mímọ̀ ẹ́ ṣe?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kí ẹ̀rọ náà ya adìyẹ àti ẹyin, ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán tó jáde ń dán gbinrin. Adìyẹ inú rẹ̀ funfun bí òwú, bẹ́ẹ̀ Àwẹ̀ró dúdú bíi kóró iṣin. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ wo ẹsẹ̀ adìyẹ inú rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Bàbá Àgbò dé, ó dúró sójú kan.

"Ìyá ẹlẹ́yin, ta nìyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ kẹ̀? Ìgbà wo lo di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin? Orí igi lo sì ti ń ká ẹyin báyìí, bí ọsàn?"

Àwẹ̀ró gbójú sókè. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rin! Ẹyin sì so jìngbìnnì lórí igi lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀rọ ló yà á."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bí ẹ̀rọ bá ń bá ọ ya ara rẹ, kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ pé òun kọ́ ló ń bá ọ yé ẹyin?"

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká, oníbàárà kankan ò yà mọ́. Ẹyin fẹ́ máa rà nílẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sí Àwẹ̀ró lọ́wọ́ ti fẹ́ bọ́.

Ó sáré bá Ọ̀kẹ́rẹ́. "Ẹ̀rọ rẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́!"

"Ṣebí ẹsẹ̀ méjì náà ni kó yọ?" Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Adìyẹ tó jáde kò lẹ́sẹ̀ rárá.

 Àwẹ̀ró fa àwòrán náà ya, ó gba ọ̀nà ìsọ̀ Bàbá Àgbò lọ, ó gun orí àpò fúláwà níṣojú èrò, ó ba.

"Kí lò ń ṣe lórí fúláwà mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ ṣáà máa wò mí."

Ẹyin bọ́, pọ̀! Àwẹ̀ró fò sókè.

"Èmi ni! Èmi ni mo yé e! Kọ́kọ́kọ́-kẹ́ẹ̀kẹ́! Ẹ wá fọwọ́ kàn án!"

Bàbá Àgbò fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Má bínú, ìyá ẹlẹ́yin. Wá sọ̀ kalẹ̀. Mélòó ló kù nílé?"

Láti ọjọ́ náà ni adìyẹ kò ti lè yé ẹyin kó dákẹ́ mọ́. Bó bá ti yé e tán, á bọ́ síta, á máa ké, kí gbogbo àdúgbò lè jẹ́rìí pé ara òun ló ti jáde.