Bí Mo Ṣe Rọ Ìṣàn Nínú Igbó Orísun

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ jókòó sórí ẹní, ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, àti ìwọ tí o ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó lanu, mo kí gbogbo yín kú ìrọ̀lẹ́, mo kí yín kú ìfẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Kẹ́yìndé Ọdẹ́tókun ni mí, ọmọ ìlú Ìpetu-Odò, níbi tí odò Alápó ti ń rọra kọjá lẹ́yìn ilé onílé. Ọdẹ ni mí láti kékeré. Nígbà tí ẹran tán nínú igbó wa, mo gbé ìbọn kọ́ sára ògiri, mo gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, mo sì ń bá ọdẹ mi lọ nínú rẹ̀, nítorí ara mi kò gba ìjókòó sílé.

Ohun tó gbé mi rìn lọ́dún náà ni arábìnrin mi Táyélolú, tí a jọ wá sáyé lọ́jọ́ kan náà. Òun ló ṣáájú mi jáde, ṣùgbọ́n gbogbo yín náà mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo rán an kó lọ wo bí ayé ti rí, n kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ilé rẹ̀ wà létí odò níbi tó ti ń yan ẹja. Tèmi wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn títì tuntun tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ gbé sókè. Òjò ńlá ń bọ̀, gbogbo ìlú sì ń sọ pé omi yóò gbé ilé Táyé lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kó wá sọ́dọ̀ mi, ó yarí kanlẹ̀.

Ó ní, “Kẹ́yìndé, ṣé ìwọ àti omi jọ sọ ọ́ ni? Jẹ́ kí ẹ̀rọ tó o ń gbé kiri yẹn fi ọ̀nà tí omi máa gbà hàn mí. Tó bá ní ilé mi ni, lójú ẹsẹ̀ ni màá kó.”

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀, tó ń jẹ́ Ìṣàn. Bí ẹ bá sọ fún un bí ilẹ̀ ti ga sí àti bí òjò ti máa pọ̀ tó, yóò ṣe àfarawé ìkún omi lójú kọ̀ǹpútà, ẹ óò máa wo òjò tí kò tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti ṣe tán kò bá kọ̀ǹpútà mi mu, nítorí arúgbó ni, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì nìkan ló ń gbé e rìn. Àfi kí n kó kóòdù rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́, ní tútù nínú Igbó Orísun, níbi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí fún aráyé, kí n sì rọ ọ́ níbẹ̀ bí wọ́n ti ń rọ ọkọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà ṣí bí ilẹ̀kùn, mo wọlé.

Ẹyẹ ńlá kan tí kò lè fò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú tí àyà rẹ̀ funfun, ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Ó ní, “Baba ọdẹ, ẹ kú ìrìn. A kì í ta ohunkóhun níbí, a kì í sì í ṣe é tán fún èèyàn. Ẹ mú èyí tó wù yín, ọwọ́ yín lẹ máa fi ṣe é.” Mo dúpẹ́, mo gbé Ìṣàn, tí ó jẹ́ òkìtì irin tútù nínú agbọ̀n, mo rù ú dé ọ̀dọ̀ Òòrẹ̀, alágbẹ̀dẹ igbó náà.

Òòrẹ̀ gbóòórùn irin náà, ó mi orí. “Irin yìí dára, àmọ́ kò lè dá rìn. Ẹ rí àwọn ìbejì ẹdun lórí ìrókò yẹn? Táyé ń ro nọ́ńbà pọ̀, ó sì ń sọ wọ́n di púpọ̀. Kẹ́yìndé ń tú ìṣirò tó díjú. Ẹ lọ tọrọ irin tiwọn, kí á rọ ìyẹn ná.”

Àwọn ẹdun kò ṣahun, wọ́n ju ẹrù méjèèjì sílẹ̀ fún mi. Inú mi dùn, mo gbé ti Kẹ́yìndé síwájú Òòrẹ̀.

Ó wò mí. “Ṣé ó dá yín lójú?”

“Baba, ẹ̀gbọ́n ló ń ṣáájú. Bá a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn.”

Ó fẹ́ ẹwìrì, irin pọ́n, ìtapárá iná ń di ọ̀rọ̀ lójú ọ̀run, àfi gbàà! Irin là sí méjì, ó sì fi igbe ta: “Mi ò rí Táyé o! Mi ò rí Táyé!” A gbá eérú kúrò, a tún un ṣe, igbe náà tún le sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí mò ń rí ilé arábìnrin mi lójú omi. Ìgbà náà ni Kẹ́yìndé ẹdun sọ̀kalẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

“Baba ọdẹ, ẹ ṣeun tí ẹ bọ̀wọ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n ni mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò tí mo lè tú tí àbúrò mi ò bá kọ́kọ́ bá mi ròpọ̀. Òun ni mo fẹ̀yìn tì. Ẹ rọ tiẹ̀ ná.”

A rọ ti Táyé, ó jáde kedere. A rọ ti Kẹ́yìndé tẹ̀ lé e, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀ láìjanpata. A wá da Ìṣàn síná. Iṣẹ́ náà pẹ́, ooru rẹ̀ pọ̀ débi pé a fi sun iṣu jẹ, èmi àti Òòrẹ̀ àti àwọn ẹdun, a ń pa ara wa lẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, odò kékeré kan dìde láti inú iná, ó yí ẹsẹ̀ mi ká, ó ní, “Ọdẹ, níbo lẹ fẹ́ kí n ṣàn dé?” Mo fò sókè, mo jó bí ọmọdé!

Mo padà sílé, mo ránṣẹ́ pe Táyé àti àwọn ará àdúgbò. Mo sọ bí ilẹ̀ wa ti rí fún Ìṣàn, òjò sì bẹ̀rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Odò Alápó kún dé ẹ̀yìn ilé Táyé, ṣùgbọ́n bèbè ibẹ̀ ga, omi kọjá lọ. Èyí tó ń ti orí òkè bọ̀ ni kò rí ọ̀nà lọ. Ó pàdé títì tuntun, ó yí padà, ó gba ẹnu géètì mi wọlé, ó gun àtẹ̀gùn mi, ó sì jókòó sí pálọ̀.

Táyé rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. “Ilé tó o ní kí n sá wá rèé, Kẹ́yìndé?”

Mo kó ẹrù mi kí òjò tó dé. Nígbà tó sì rọ̀, àgbàlá mi di adágún, bí Ìṣàn ti wí gẹ́lẹ́. Táyé ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó ní, “Máa wọlé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti bá ẹ wo bí ibẹ̀ ti rí. Ó dára.”

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ń kọ́ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí àwọn yòókù fẹ̀yìn tì, kí ẹ tó béèrè ẹni tó jẹ́ àgbà. Ó dàárọ̀ o, kí olúkúlùkù délé láyọ̀. Ẹ wò ó, Táyé ti dìde, ó ti gba iwájú. Ẹ jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé e.