Bomubomu Tó Ní Òun Mọ Oògùn Ojú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó ré kọjá odò, ó já sí ilẹ̀ yanrìn gbígbẹ. Ó bá Bomubomu níbẹ̀, igi kékeré olódòdó tí ẹnu rẹ̀ ò ní ìlẹ̀kùn. Ó bá Ewúrẹ́ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́jìnmí ọdẹ dé. Làpálàpá ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bomubomu, gbà mí o."

"Fi oje mi pa á."

Ó fi pa á. Làpálàpá gbẹ. Bomubomu wú díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Dìkkò, obìnrin Fúlàní, gbé wàrà dé. Wàrà kọ̀, kò dì.

"Fún omi ewé mi sí i, kó o gbé e kaná."

Wàrà dì gbagidi. Dìkkò kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Bomubomu wú sí i.

"Èmi rèé o! Baba gbogbo ewé! Àìsàn wo ló kù?"

Ẹfinrin wà nítòsí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan méjì lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ kì í tẹ́."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Ìwọ tí wọ́n fi ń sebẹ̀!"

Lọ́jọ́ kẹta, Ewúrẹ́ ń táràrà bọ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣepin. Àwọn ọmọ ń ké tẹ̀lé e.

"Bàbá, ojú ń dùn mí. Bí mi ò bá ríran, mi ò ní rí koríko. Ebi ni yóò pa àwọn ọmọ wọ̀nyí."

Àánú ṣe Bomubomu. Ó sì mọ̀ pé òun ò mọ oògùn ojú. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́: "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ṣé ó wúwo? Kò wúwo. Ṣùgbọ́n Bomubomu ò rí i gbé.

"Ojú kẹ̀? Ojú lásán? Là á dáadáa."

Ó kán oje sí i.

"Yéè! Ó ń jó mi! Bàbá, ilẹ̀ ti ṣú!"

"Oògùn ló ń ṣiṣẹ́," ni Bomubomu wí.

Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ojú fọ́.

Àwọn ọmọ bú sẹ́kún. "Ìyá wa ò lè wá oúnjẹ mọ́. Ta ni yóò máa bọ́ wa?"

Láyé ìgbà náà, ẹran dídùn bíi ti ìbẹ́pẹ ló kún inú èso Bomubomu. Àwọn ọmọ fi pátákò là á, wọ́n bọ́ ìyá wọn, wọ́n jẹ ìyókù. Wọn ò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Wọ́n fa ìyá wọn lọ, wọn ò wẹ̀yìn.

Ojú ti Bomubomu. Ó wá owú díẹ̀ kì bọ inú èso rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún dúró gbàgìrì.

Ìdí nìyí tí èso Bomubomu fi sanra, tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, pọ̀ọ̀! Owú àti atẹ́gùn ni. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́, ẹran tí ń jẹ aṣọ ẹni lórí okùn, fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kódà lọ́gbẹlẹ̀.

Ẹ sì bi í ní oògùn ojú lónìí. Yóò tún ní òun mọ̀ ọ́n.